Ìpolówó Ọjà Kò Yọ Òǹkọ̀wé Sílẹ̀

(Àpẹẹrẹ àròkọ alárìíyànjiyàn: 'Kò yẹ kí òǹkọ̀wé máa polówó ìwé ara rẹ̀ bí oníṣòwò.' Sọ èrò rẹ.)

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí àgúnmu ti ń fún ara ní okun, bẹ́ẹ̀ ni ariwo tí a ń pa lé ọjà lórí ń fún òwò ní okun. Kò sí ẹni tí ó ń bá oníṣu tàbí aláṣọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a yí ohùn padà. Wọn a ní ẹni tí ó kọ ìwé kò gbọdọ̀ kiri. Wọn a ní ìtìjú ni kí ènìyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ yin iṣẹ́ ara rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ìwé tí a ti tẹ̀, tí a sì ti dá owó lé, ti di ọjà. Ó yẹ kí ẹni tí ó kọ ọ́ polówó rẹ̀, kí ó wá àwọn tí yóò bá a gbé e, kí ó sì mọ bí a ti ń fi àwàdà pe ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò kékeré ti ń ṣe. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni yóò pàdánù. Èdè wa pẹ̀lú yóò pín nínú àdánù náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọjà. Ní Aisegba-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, iṣu kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ ọjà, obìnrin mẹ́wàá lè pàtẹ iṣu sí ojú kan náà, kí iṣu wọn sì jọra bí ìbejì. Kí ni yóò mú kí oníbàárà yà sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, kí ó sì fi àwọn mẹ́sàn-án yòókù sílẹ̀? Kì í ṣe iṣu nìkan. Ẹnì kan jókòó, ó fajú ro, ó ń wo àwọn tí ó ń kọjá bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹnì kejì ń kí wọn: 'Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá ìyàwó! Iṣu tèmi kò ní kókó o. Bí ẹ bá gún un fún àna yín tí kò bá lá ọwọ́, ẹ dá èèpo rẹ̀ padà fún mi!' Ẹni tí ó ń lọ yóò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì ti rẹ́rìn-ín, ó ti dúró. Bí ó bá dúró, yóò ná an. Bí wọ́n bá ná an tí ọjà bá gún, òǹtajà yóò fi iṣu kékeré kan ṣe ènì fún un. Ní ọjọ́ ọjà mìíràn, oníbàárà náà yóò padà wá, yóò sì mú aládùúgbò rẹ̀ kan dání. Ohun mẹ́ta ni obìnrin yìí lò: ó polówó, ó dápàárá, ó sì sọ ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ di ẹni tí ń bá a wá oníbàárà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òǹkọ̀wé kò lè lò.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èkíní, wọ́n ní ohun tí ó bá dára yóò ta ara rẹ̀. Ìwé tí a bá ń pariwo lé lórí, ó ní ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Èkejì, wọ́n ní iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni pé kí ó jókòó, kí ó ronú, kí ó sì kọ̀wé. Iyì rẹ̀ yóò dínkù bí a bá ń bá a pàdé ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ẹrù ìwé lórí. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìpolówó àti irọ́ kì í jìnnà sí ara wọn. Wọ́n tọ́ka sí àwọn tí ń ta oògùn nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń búra pé ìgò kan ṣoṣo yóò wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn ríro àti àìrówó. Ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ẹjọ́ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn láìdáhùn.

Ní ti èkíní, ìdáhùn mi ni pé ìwé kò ní ẹnu. Aṣọ tí ó dára, ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò fi ojú rí i. Ọbẹ̀ tí ó dùn, imú yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni adùn ìwé wà. Ẹni tí kò tí ì ṣí i kò lè mọ̀ bóyá oyin ni tàbí jogbo. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí a ń tà, ìwé wà lára àwọn tí ó nílò alágbàsọ jù lọ. Àwọn atẹ̀wé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí. Ní ọdún 1929, Isaac Babalọla Thomas, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde léraléra, bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó, tí àìsàn sì ti dá dùbúlẹ̀, ni ó ń kọ wọ́n. Orúkọ obìnrin náà ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Àwọn òǹkàwé kò mọ̀ bóyá ènìyàn gidi ni tàbí àròsọ. Nígbà tí ó di ọdún 1930, ọ̀gbẹ́ni Thomas kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó sì sọ wọ́n di ìwé. Kí ìwé náà tó jáde ni àwọn òǹkàwé ti mọ orúkọ Sẹ̀gilọlá. Èmi kò ní gba òǹkọ̀wé òde òní ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi òǹkàwé sínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a fún ènìyàn tọ́ wò kí a tó ní kí wọ́n wá ra odidi ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni alákàrà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjà Onitsha pẹ̀lú. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 títí ogun abẹ́lé fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, àwọn ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tà ní ọjà àti ní ibùdókọ̀, láàárín aláṣọ àti oníkòkò. Orúkọ tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín àti àwòrán tí ó ń fa ojú ni wọ́n fi ń pe òǹrajà. Ọ̀kan nínú wọn ni eré Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní ọdún 1956. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọjà náà kọ ọ́ pé ó tà tó ẹ̀dà 60,000. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìwé náà ta ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń rà á kò wọ ilé ìtàwé wá a. Ìwé ni ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Ní ti èkejì, èyíinì ni ọ̀rọ̀ iyì, mo fẹ́ bi àwọn alátakò léèrè ọ̀rọ̀ kan: ta ni yóò sọ pé D. O. Fágúnwà kò níyì? Òun ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti kàn, tí kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò mọ̀ ọ́n, ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann ní Nàìjíríà ní ọdún 1959. Iṣẹ́ aṣojú ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Ó ń béèrè pé kí ènìyàn máa rìn láti ìlú dé ìlú, kí ó máa fi ìwé han àwọn olùkọ́, kí ó sì máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, nígbà tí ó kú sí odò ní Wuya, nítòsí Bida, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Bí ẹni tí ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò bá ka gbígbé ìwé rìn sí àbùkù, àwa ta ni?

Àpẹẹrẹ mìíràn kò jìnnà sí wa rárá. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí Níyì Ọ̀ṣúndáre sí ní ọdún 1947. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, ó sì lè dúró sí ibẹ̀ kí ó máa kọ ewì fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1980, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ewì jáde nínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune, lórí àwọn ohun tí ará ìlú ń rí lójoojúmọ́. Ẹni tí ó fi owó ra ìròyìn ń rí ewì he gẹ́gẹ́ bí ènì. Ní ọdún 1990, ó kó irú àwọn ewì bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé Songs of the Season. Ǹjẹ́ èyí ba iyì rẹ̀ jẹ́? Ní ọdún 1986, ó wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀bùn ewì àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ọjà àti iyì kò bá ara wọn jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ àwàdà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Oníṣòwò kékeré mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń dá àjọ, tí wọ́n ń dá èésú, tí aránṣọ sì máa ń júwe aláṣọ fún oníbàárà rẹ̀, tí aláṣọ náà yóò sì júwe aránṣọ. Ìtàn Òṣogbo fi hàn pé iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú ń fẹ́ irú àjọṣe yìí. Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, tí ó ń ta ọtí ní Òṣogbo, fi ilé ọtí rẹ̀ sílẹ̀ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ráyè níbẹ̀. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò; àwọn ará Òṣogbo kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n dápàárá sí i, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá: 'Ḿbá rí, ḿbá yọ̀.' Orúkọ àwàdà yìí ni a fi mọ ibẹ̀: Mbari Mbayo. Kò sí ìpolówó tí owó lè rà tí ó dára ju èyí lọ, nítorí ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n sọ ibẹ̀ lórúkọ, ohun tí a bá sì sọ lórúkọ ti di tiwa. Láti inú àjọṣe yìí ni eré Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1964. Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa lápapọ̀ pẹ̀lú ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí Chinua Achebe ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní ọdún 1981. Òǹkọ̀wé tí ó bá dá wà nínú yàrá rẹ̀, tí kò mọ òǹkọ̀wé kan, tí kò mọ olùkọ́ kan, tí kò sì mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó dà bí ẹni tí ó pàtẹ ọjà sínú igbó.

Ní ti àwàdà, ẹ jẹ́ kí a rántí Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí ó sì papòdà ní ọdún 2018. Kí ó tó la ẹnu ni ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ, aago tí ó sì ń gbé kọ́ ara kì í ṣe aago ọrùn ọwọ́. Àwọn aṣọ àti ohun èlò wọ̀nyí ni àsíá òwò rẹ̀. Ẹni tí ó rí wọn lára pátákó ti mọ eré tí ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó bá ń ṣeré orí ìtàgé nìkan ni àwàdà wúlò fún. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré ni wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé: 'Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la.' Bí oníbàárà bá padà wá lọ́la, ohun tí yóò bá lára ògiri náà ni. Òǹtajà ti sọ pé òun kò ní tà láwìn, síbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí ni agbára àwàdà nínú òwò: ó ń jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tí ó korò láìba ojú jẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ara wa ni kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe oníbàárà. Ẹni tí ó bá fi àbùkù ara, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹlòmíràn dápàárá yóò rí ẹ̀rín gbà ní òwúrọ̀, yóò sì di ọjà rẹ̀ gbé lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ẹjọ́ kẹta, èyíinì ni ọ̀rọ̀ irọ́. Níbi yìí, mo gbà pé àwọn alátakò ní òtítọ́ lẹ́nu. Ìpolówó tí ó ń purọ́ wà, ó sì ń ṣe ìpalára. Ìjọba dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn, a sì ní òfin ARCON ti ọdún 2022 lórí iṣẹ́ ìpolówó. Síbẹ̀, nítorí pé olè ń rìn lójú ọ̀nà, a kì í sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn mọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a ya irọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìpolówó. Kí òǹkọ̀wé sọ ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ àti ẹni tí yóò wúlò fún. Kí ó má sọ pé ẹni tí ó bá rà á kò ní fìdí rẹmi nínú ìdánwò, nítorí kò sí ìwé tí ó lè ka ara rẹ̀ fún ọ̀lẹ. Irọ́ lè ta ẹ̀dà kan lẹ́ẹ̀kan; ẹni tí a tàn jẹ kò ní padà wá, yóò sì sọ fún mẹ́wàá. Ó yẹ kí a tún mọ̀ pé ìpolówó nìkan kò tó. Bàbá Sàlá ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru ní ọdún 1982, okìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ajalèṣẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á, gbèsè ńlá sì bá ẹni tí ó ni í. Ẹni tí ó bá ń polówó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọjà rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí òǹkọ̀wé ṣe? Kí ó kọ́kọ́ mú bírò, kí ó ṣírò. Bí ó bá tẹ 500 ìwé, tí ó sì dúró sílé tí ó ń ta 5 lọ́sẹ̀ fún àwọn ojúlùmọ̀ tí ó bá yà, yóò gbà á tó 100 ọ̀sẹ̀, èyíinì ni bí ọdún méjì, kí ó tó tà wọ́n tán. Ikán àti òjò kò sì ní dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ bá ilé ìwé 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba 20, ó ti ta 200 láàárín ìgbà díẹ̀. Kí ó ka ojú ewé méjì sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì dúró síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Kí ó fi ẹ̀dà kan ta olóòtú ètò rédíò lọ́rẹ. Lóde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, kí ó fi ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe é ní gbogbo wákàtí, nítorí akéde tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, ilẹ̀kùn ni wọn yóò tì mọ́ ọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó máa ra ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa polówó tiwọn náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju owó lọ. Ilé ìtẹ̀wé kì í tẹ ohun tí kò tà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìwé Yorùbá bá ń jẹrà ní yàrá ẹni tí ó kọ ọ́, àwọn atẹ̀wé yóò sọ pé kò sí ẹni tí ń ka Yorùbá mọ́. Bí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ohun tuntun kà ní èdè ìyá wọn. Báyìí ni ìtìjú ẹnì kan ṣe lè di ìpalára fún gbogbo ènìyàn. Àwọn baba wa ní ọmọ tí ó bá ṣípá ni à ń gbé. Wọ́n sì tún ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Ní tèmi, mo gbà pé kí òǹkọ̀wé kọ ohun tí ó dára, kí ó sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, kí ó fi ẹ̀rín sí i, kí ó sì gbé e jáde lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n wà. Ìgbà náà ni a ó lè kí i bí a ti ń kí oníṣòwò: ajé á wọ igbá o.